Ṣíìtì Tó Wọ Inú Fọ́ọ̀mù Tí Kò Gbúròó Ilé Mọ́

Tọpinpin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kékeré, lọ́jọ́ tó ká a mọ́ balùwẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, tó ti gé odindi ọṣẹ tuntun sí wẹ́wẹ́.

"Kí lo ń wá nínú ọṣẹ?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe rí lóde náà ló rí nínú ni."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Ó dáa. Kí lo wá rí?"

"Ọṣẹ ni, mà."

Wọ́n fi ọṣẹ wẹ́wẹ́ yẹn wẹ̀ títí tó fi tán. Orúkọ ni kò tán. Nígbà tó dàgbà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ fún un pé obìnrin tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ló wu òun. Ọkùnrin náà rò pé ìbéèrè máa ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú ni. Ó ti fẹ́ ẹ báyìí, ó sì ti wá mọ̀. Iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe, ó ń tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ilé onílé, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí táìsì kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ kọ́ la wá sọ. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni ibi iṣẹ́ náà wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀, fún àwọn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn. Béèyàn bá wọlé, àwọn àga onírin ló máa kọ́kọ́ rí, tí wọ́n so mọ́ra wọn bíi pé olè kan wà tó fẹ́ràn àga tí kò rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni yàrá ìwọ̀n: ibùsùn pẹlẹbẹ kan, irin ìdìmú méjì tí aláìsàn ń rìn láàárín wọn, àti dígí gígùn tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òórùn ike gbígbóná kì í ti í kúrò. Láàárín méjèèjì ni ọ́fíìsì Tọpinpin wà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, àti fáànù kan tó máa ń mirí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí kò fara mọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá sọ.

Bàbá Onítéèpù ló ń wọn ẹsẹ̀. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ pé bí òun bá fẹ́ dì mọ́ ọkọ òun, téèpù ló máa ń kọ́kọ́ kí òun. Lẹ́yìn tó bá ti wọn èèyàn, ó kàn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Alágbẹ̀dẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ló ń yọ́, tí kò sì lu irin rí. Alágbẹ̀dẹ ló ń ṣe apá òkè ẹsẹ̀ náà, èyí tó ṣófo bí ife, tí ìyókù ẹsẹ̀ aláìsàn máa wọ̀ sí. Ife náà ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn, inú ife ló wà. Bó bá fún jù, á gé ni lára. Bó bá tóbi jù, ẹsẹ̀ á máa ṣe tirẹ̀, ẹni tó ni ín á máa ṣe tirẹ̀.

Bàbá kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí irun rẹ̀ ti funfun, àti bí àwọn tó bá pẹ́ dé ibi ìjọsìn ṣe máa ń kọrin ju àwọn tó ti wà níbẹ̀ lọ, òun ló wá le jù níbẹ̀. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ṣíìtì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Bàbá, ìwé inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìlà pín sí àpótí kéékèèké, tí Bàbá ń kọ ìwọ̀n sí. Àpótí tí ara ti jinná, ó fi àwọ̀ ewé kùn ún. Ibi tó ṣì ń dun aláìsàn, pupa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ṣíìtì Bàbá àfi Bàbá.

Ó tún ní àṣà kan. Bí ìgbésí ayé aláìsàn bá ti ń yí padà ni Bàbá ń yí orúkọ fáìlì rẹ̀ padà. Ẹni tó kọ́kọ́ wá gẹ́gẹ́ bí Ìyàwó Awakọ̀, tó bá ti bímọ, á di Ìyá Ọlọ́mọ. Bàbá ní kò dáa kí èèyàn máa ga sí i, kí fáìlì rẹ̀ wà nílẹ̀.

Láyé ọjọ́un, bí Alágbẹ̀dẹ bá nílò ìwọ̀n, á rìn wá bá Bàbá, Bàbá á kà á fún un, Alágbẹ̀dẹ á gbàgbé ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà, á tún padà wá. Èyí kò tẹ́ Màdáámù lọ́rùn. Màdáámù ni ọ̀gá ilé iṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ètò débi pé ó lẹ bébà kan mọ́ ògiri tó ń sọ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa lẹ bébà mọ́.

"Tọpinpin," ó ní, "mo fẹ́ kí ohun gbogbo wà lójú kan."

Ni Tọpinpin bá ṣe dátábéèsì, àká ńlá kan nínú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà, ó sì ṣe fọ́ọ̀mù tí wọ́n á fi máa wo inú àká náà. Bí o bá ṣí fọ́ọ̀mù, o rí aláìsàn kan lójú ẹ̀rọ: orúkọ, fóònù, ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí ti òsì. Àyè òfìfo ńlá kan wá wà nísàlẹ̀. Ó fẹ́ kí ṣíìtì Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú ewé rẹ̀ àti pupa rẹ̀. Ó wá a títí, ó rí i pé ẹ̀rọ náà gbà kí èèyàn mú odidi fáìlì, kó tì í bọ inú fọ́ọ̀mù. Bó ṣe fẹ́ tì í wọlé, ẹ̀rọ bi í ní ìbéèrè kékeré kan: ṣé kó so ó mọ́ fáìlì tó ti wá? Àpótí tíntín kan wà níbẹ̀ fún mààkì.

Tọpinpin dán méjèèjì wò. Nígbà tó mààkì í, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ìgbà tí Bàbá yí orúkọ fáìlì kan padà; ni fọ́ọ̀mù bá ní òun ò mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Nígbà tí kò mààkì í, Bàbá ì báà pe fáìlì ní Kábíyèsí, ṣíìtì inú fọ́ọ̀mù kò mira. Ó tán. Èyí ló lágbára. Ó tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láìmààkì.

Kò béèrè ibi tí agbára náà ti wá. Bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó bi ọṣẹ léèrè ọ̀rọ̀ kò béèrè ìyẹn, inú dídùn ló fà á. Ó ṣàà ń tẹ ṣíìtì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ṣí, ó ń pa á dé, ó ń pe Alágbẹ̀dẹ kó wá wò ó. "Odidi ṣíìtì ni o! Nínú fọ́ọ̀mù!" Alágbẹ̀dẹ ní òun rí i. Wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ kan sí ṣọ́ọ̀bù fún un, kò sì rin ọ̀nà yàrá ìwọ̀n mọ́. Ó sanra díẹ̀.

Wọ́n pe Bàbá kó wá wo fọ́ọ̀mù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó dára. Yàrá àlejò ni. Èmi, ilé ìdáná ni mo ti ń ṣiṣẹ́." Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ohun gbogbo lọ ní ìrọ̀rùn títí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi padà wá.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ṣe búrẹ́dì, ó sì máa ń dúró níwájú ààrò láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un lákọ̀ọ́kọ́ ti ń tú, nítorí ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ máa ń fọn, á máa kéré sí i, bí oṣù bá ti ń gorí oṣù. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ife tuntun ni wọ́n máa ń ṣe. Bàbá wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sí ṣíìtì, ó fi àwọ̀ ewé kùn ún. Alágbẹ̀dẹ ṣí fọ́ọ̀mù, ó wo ìwọ̀n, ó yọ́ ike. Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì wá gbà á, ó wọ̀ ọ́, ó di irin méjèèjì mú, ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà kọjú sí ògiri.

Ó wo ilẹ̀. "Bàbá, ṣọ́ọ̀bù mi, iwájú ló wà. Níbo ni ẹsẹ̀ yìí ń lọ ní tirẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu ife náà, ọwọ́ náà wọlé pẹ̀lú àyè tó ṣẹ́kù.

Màdáámù pè wọ́n jọ. Alágbẹ̀dẹ ní ohun tí ojú ẹ̀rọ sọ ni òun ṣe, òun ò yà kúrò níbẹ̀. Bàbá ní ohun tí téèpù sọ ni òun kọ.

"A jẹ́ pé téèpù ló parọ́," Alágbẹ̀dẹ wí.

"Téèpù tó ti wọn bàbá ẹ kó tó bí ẹ."

"Bàbá, ẹsẹ̀ méjèèjì bàbá mi ṣì wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo wọ̀n ọ́n fún sòkòtò ni."

Màdáámù gbọ́wọ́ sókè. Kò pariwo, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. "Bàbá, ẹ ti ṣe bẹbẹ níbí. Ṣùgbọ́n ojú àgbà kì í ṣe ti ọmọdé. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá fi parí tí a ò mọ ibi tó ti wọ́, ẹlòmíràn ló máa máa wọn àwọn èèyàn. Ẹ̀yin á wá máa bá wa gba àwọn àlejò níwájú."

Bàbá ní, "Ó dáa, ìyá mi." Ó ká téèpù, ó tú u, ó tún ká a.

Láti ìgbà yẹn, kò sóhun tí Bàbá kò wọ̀n nínú ilé iṣẹ́ náà. Ó wọn ilẹ̀kùn. Ó wọn àga onírin. Ó wọn ọrùn Alágbẹ̀dẹ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́, Alágbẹ̀dẹ sì fi ṣíbí sílẹ̀, ó ń bi í bóyá pósí ló fẹ́ kàn fún òun. Tọpinpin bá a nídìí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wọn ẹsẹ̀ tábìlì kan náà léraléra.

"Ìwọ ọmọ yìí, wá. Wo ibí, kí lo rí?"

Tọpinpin wò ó, ó ka ohun tó rí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i." Ó dìde, ó di tábìlì mú. "A jẹ́ pé ojú mi kò tíì kú. Ọwọ́ mi ńkọ́?" Ó nà án jáde. Kò gbọ̀n.

Inú Tọpinpin bàjẹ́ fún Bàbá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò ní parọ́ mọ́ ọn: ohun mìíràn wà lábẹ́ ìbànújẹ́ yẹn tó ń rìn ín bí èèrà. Bí téèpù kò bá parọ́, tí Alágbẹ̀dẹ náà kò sì parọ́, ibo wá ni ọ̀rọ̀ náà ti yà? Láti ọrùn Bàbá dé inú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà kúkurú ni. Ohun kan wà lójú ọ̀nà yẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ṣíìtì Ìyá Oníbúrẹ́dì lórí kọ̀ǹpútà tiyín."

"Má fọwọ́ kàn án o."

"Ojú ni mo fẹ́ fi kàn án, sà."

Bàbá ṣí i. Tọpinpin kọ àwọn ìwọ̀n náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sáré lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ṣí fọ́ọ̀mù, ó tẹ ṣíìtì tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo àtẹ́lẹwọ́. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ibi àwọn àga onírin.

"Bàbá! Ẹ wá o! Wọn ò bára mu!"

Bàbá wọlé. "O ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rín kọ́. Ẹ wò ó: orúkọ kan náà, ìlà kan náà, àpótí kan náà. Ṣùgbọ́n eléyìí sanra ju tiyín lọ. Ta lẹ rò pé ó jẹ́?"

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ wá ni. Wo pupa níbí. Ibẹ̀ yẹn ti jinná tipẹ́."

Tọpinpin jókòó. Kò tíì fẹ́ gbà á gbọ́. Ó fẹ́ rí i. Ó mú àpótí òfìfo kan nínú ṣíìtì inú fọ́ọ̀mù, ó fi yẹ́lò kùn ún, ó tọ́jú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo tiyín. Ṣé yẹ́lò wà níbẹ̀?"

Bàbá lọ, ó ṣí i. Ohùn rẹ̀ ti yàrá ìwọ̀n wá. "Kò sí yẹ́lò kankan!"

"Ẹ kọ nǹkan síbẹ̀. Ohunkóhun!"

Ó gba ìgbà díẹ̀, nítorí ìka méjì ni Bàbá fi ń tẹ ẹ̀rọ. "Mo ti kọ ọ́!"

Tọpinpin ti fọ́ọ̀mù pa, ó tún un ṣí. Yẹ́lò rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá kò sí. Ó lọ sí yàrá ìwọ̀n lọ wo ohun tó kọ. Ó kọ ọ́ pé, *Ojú mi kò tíì kú.*

Nígbà náà ló yé e. Ọjọ́ tó ti ṣíìtì náà bọ inú fọ́ọ̀mù láìmààkì, kì í ṣe ṣíìtì Bàbá ló wọlé. Ẹ̀dà rẹ̀ ló wọlé, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fáìlì fi lè yí padà kó má mira: kò mọ̀ pé fáìlì kankan ṣì wà lóde. Ti àwọn aláìsàn tuntun kò hàn, nítorí ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá padà wá ló máa gbé e jáde.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá. Bàbá ronú.

"Ó dà bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sí òkè òkun. Tó bá tẹlifóònù, á ní ká bá òun kí ajá. Ajá ti kú láti ìgbà wo! Ajá tó fi sílẹ̀ náà ló ń kí."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

"A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó purọ́."

"Kò sí, sà. Èmi ni mo rán an lọ sí òkè òkun."

Wọ́n jọ lọ bá Màdáámù. Tọpinpin sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi yẹ́lò hàn án, ó fi ohun tí Bàbá kọ hàn án. Màdáámù kà á, ó gbójú kúrò níbẹ̀ kíákíá.

"Ta ló fi wọ́n síbẹ̀ láìmààkì?"

"Èmi ni, mà."

Alágbẹ̀dẹ, tí kò sẹ́ni tó pè é, ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀."

"Ìwọ, lọ wo ike rẹ," Bàbá wí. "O rí obìnrin tó ń fọn lójú rẹ, o sì ṣe ife tó tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀, o ò bi ara rẹ léèrè?"

Alágbẹ̀dẹ rántí pé òun ní ike lórí iná.

Ohun tí Màdáámù kọ́kọ́ fẹ́ ni kí wọ́n mààkì gbogbo rẹ̀, kí wọ́n so ṣíìtì inú mọ́ ti òde bí ẹni fi okùn so ó. Tọpinpin ní ó máa ṣiṣẹ́, bí Bàbá kò bá ní yí orúkọ fáìlì padà mọ́ láéláé.

Bàbá ní, "Kí n máa pe ìyá ọlọ́mọ ní ìyàwó títí ayé, nítorí okùn?"

"A jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, mà," Tọpinpin wí. "Nínú fọ́ọ̀mù. Kí Bàbá máa ṣí i níbẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ tààrà. Ti òde, ká pa á rẹ́."

Gbogbo wọn wo Bàbá. Gbogbo ṣíìtì tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ní kó kó wọ yàrá àlejò yìí. Ó fọwọ́ ra téèpù lórí àyà.

"Kí ni fọ́ọ̀mù yẹn ń pe àwọn èèyàn mi?"

"Orúkọ tó wà nínú káàdì ilé ìwòsàn, sà."

"Orúkọ yẹn ò mọ ẹnì kankan." Ó ronú sí i. "Fún mi ní àyè kan níbẹ̀ tí màá kọ orúkọ tí èmi ń pè wọ́n sí. Tí màá lè máa yí i padà nígbà tó bá wù mí."

"Ṣé ìyẹn ò ní já okùn, Tọpinpin?" Màdáámù bi í.

"Kò sí okùn tó máa já mọ́, mà."

Tọpinpin fún un ní àyè náà, sókè pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Ó wá kó àwọn ìwọ̀n tuntun wọ inú fọ́ọ̀mù pẹ̀lú Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo méjèèjì papọ̀. Wọ́n rí ẹnì kan sí i tí tirẹ̀ ti yàtọ̀, ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà káàkiri àdúgbò, tí Alágbẹ̀dẹ ń múra láti yọ́ ike rẹ̀. Tọpinpin figbe ta, Alágbẹ̀dẹ pa iná.

Ìyá Oníbúrẹ́dì padà wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bàbá kò gba ìwọ̀n tó ti wà nílẹ̀. Ó ní òun máa wọ̀n ọ́n lákọ̀tun, lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sí yàrá ìwọ̀n. Bàbá wọn òkè, ó wọn àárín, ó wọn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọjú sí fọ́ọ̀mù, ó tẹ ṣíìtì lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ yára díẹ̀, sà," Tọpinpin wí. "Bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó mọ̀."

Ó ṣí. Ṣíìtì náà tẹ́ sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀. Bàbá kọ ọ́, Alágbẹ̀dẹ sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á sókè bó ṣe ń wọlé. Kò pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Ó kéré, bí Bàbá ṣe sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi irun orí kan yàtọ̀ sí èyí tó kọ sí ṣíìtì tirẹ̀.

Nígbà tí ife tuntun jáde, tó ti tutù, Ìyá Oníbúrẹ́dì wọ̀ ọ́. Bàbá gbìyànjú láti ki ìka bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìka kò rí ọ̀nà. Obìnrin náà di irin mú, ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Iwájú ni ẹsẹ̀ náà kọjú sí. Ó tún gbé òmíràn. Nígbà tí irin parí, ó fi í sílẹ̀, ó ń lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ Màdáámù kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?" Màdáámù bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná, màá sọ fún yín."

Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀nà, ó ń dún kò-kò, lọ títí dé ibi àwọn àga onírin, ó sì tún ń padà bọ̀. Màdáámù dúró, ó fetí sí i. Ó wo Bàbá, tí téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí máòsì kọ̀ǹpútà.

"Bàbá," ó ní, "ẹni tó kàn láti wọ̀n ti dé o. Ó ń dúró dè yín níwájú."

"Ní kó wọlé, ìyá mi," Bàbá wí. Ó ti ń ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àyè orúkọ náà, ó ń ronú ohun tó máa pè é.